Highlander 2009 fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà: kí ló máa ń bàjẹ́, èló la sì fi ń tún un ṣe?

ÌyáÌbejì_Akóbọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fún wa, ìbejì ló gbẹ̀yìn, Corolla tí a ń lò kò sì gbà wá mọ́. Bí a bá ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, èmi á gbé Táyé lẹ́sẹ̀, àkọ́bí mi á gbé Kẹ́hìndé. Ọkàn mi kì í balẹ̀ títí a ó fi dé, nítorí tírélà ojú ọ̀nà yẹn kò kéré.

Bàbá wọn ti rí jíìpù kan tó wù ú: Highlander 2009, V6 (ẹ́ńjìnnì oní-pulọ́ọ̀gì mẹ́fà), oníjòkòó ìlà mẹ́ta. Wọ́n ti lò ó nílùú yìí, kì í ṣe tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó ni ín ń pè é ní ₦9.5 mílíọ̀nù. Gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ wa kò ju ₦10 mílíọ̀nù lọ.

Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ń sọ pé, "Toyota ni, ẹ rà á." Ẹnu ẹni tó ń tún un ṣe tàbí tó ń wà á ni mo fẹ́ ti gbọ́. Kí ló máa ń kọ́kọ́ yọ èèyàn lẹ́nu? Èló ni wọ́n fi ń tún un ṣe? Tí a bá sì san ₦9.5 mílíọ̀nù yẹn, ṣé èyí tó kù máa tó wa?

Awakọ̀_Ìkòròdú
Ẹ kú ìtọ́jú ìbejì, ìyá wa. Highlander 2008 ni mo ń wà, ọ̀nà Ìkòròdú sí Kétu ló sì ń gbà lójoojúmọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tíì yọ mí lẹ́nu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń gbowó. Ọkọ̀ náà wúwo, ihò ojú ọ̀nà wa kò sì dá a sí. Bùṣíìnì apá ìsàlẹ̀ níwájú ló kọ́kọ́ ya, líńkéèjì tẹ̀ lé e, ìgbà tó yá ni ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. ₦165,000 ni mo ra ṣọ́ọ̀kì iwájú méjì, tuntun, mi ò tíì ka owó iṣẹ́ mọ́ ọn. Líńkéèjì méjì gba ₦28,000, bùṣíìnì kan ₦18,000.

Ẹ fetí sí sítíárìn rẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá dúró sójú kan tí ẹ ń yí i sọ́tùn-ún sósì, tí ẹ gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó yín láyà jẹ. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ti tèmi ní ráàkì (irin tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú) ni, ó fẹ́ gba ₦280,000. Ẹlòmíràn wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó di ọ̀pá tó so sítíárìn mọ́ ráàkì mú, ó ní kí n máa yí i. Ó ní ó ń kàn lọ́wọ́ òun. Ọ̀pá yẹn la pààrọ̀, Belgium (àlòkù láti òkè òkun), ₦45,000, ariwo sì dákẹ́.

Sípánà_13
Ẹ káàárọ̀ mà. Iwo Road n'Íbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Highlander kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ Awakọ̀_Ìkòròdú. Kí n fi kan kún ti sítíárìn: láti 2008 ni Highlander ti ń lo sítíárìn oníná, kò sí ọ́ìlì sítíárìn nínú rẹ̀. Tí mekáníìkì bá sọ fún yín pé pọ́ǹpù sítíárìn 2009 ti bàjẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ, kò mọ ọkọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń sọ jíìpù yìí di gbèsè sí àwọn èèyàn lọ́rùn, torí ó ń dùn mí. Omi ni, àti ọ́ìlì.

Ẹ́ńjìnnì V6 3.5 tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní 2GR-FE, lágbára. Ṣéènì ló ń lò. Àwọn V6 ti 2001 sí 2007 ló ń lo táímìn bẹ́líìtì, tí èèyàn gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ní 90,000 máìlì. Ẹ ò ní ìyọnu yẹn. Àmọ́ wọ́tà pọ́ǹpù rẹ̀ máa ń jò bó bá ti pẹ́. Kì í ya wàrà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rọ̀, kúláǹtì á gbẹ mọ́ ara irin, á di èérún aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyin tó gbẹ mọ́ àwo. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, ẹ tàn án sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí bẹ́líìtì ń yí. Bí ẹ bá rí èérún yẹn, pọ́ǹpù ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ojúlówó rẹ̀ wà láàárín ₦75,000 sí ₦110,000, iṣẹ́ rẹ̀ ₦40,000 lọ́wọ́ mi, nítorí ibẹ̀ há.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú yìí ni pé, dípò kí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù, wọ́n á yọ tẹ́mósítáàtì dànù, wọ́n á ní "Nàìjíríà gbóná, kò wúlò." Wọ́n á so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì kó máa yí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á sì máa da omi kànga sínú rédíétọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Tẹ́mósítáàtì ẹ́ńjìnnì yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí omi bá gbóná dé bíi 82°C. Kó tó ṣí, ó ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè yára gbóná dé ibi tó yẹ. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó lójú ọ̀nà márosẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á rò pé àárọ̀ ṣì ni, á máa da epo lé e. Epo á pọ̀ ní jíjẹ, kátálísítì (ohun tó ń fọ èéfín nínú ẹ̀sọ́ọ̀sì) á máa bàjẹ́ lọ. Omi kànga ní tirẹ̀ á máa jẹ irin, á máa dí ihò rédíétọ̀, títí ọjọ́ kan tí ẹ ó wà nínú gosíló tí abẹ́rẹ́ á fò lọ sí pupa.

Bó bá gbóná débi tí tọ́ọ̀pù rẹ̀ (orí ẹ́ńjìnnì) fi tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì, ṣíṣán tọ́ọ̀pù àti iṣẹ́ á gba tó ₦450,000, mo sì ti rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì Belgium ti kọjá ₦1.4 mílíọ̀nù. Ẹ wá wò ó: tẹ́mósítáàtì kò ju ₦20,000 lọ.

Ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ 5W-30, ó sì ń gba lítà mẹ́fà àti díẹ̀ pẹ̀lú fílítà. Gálọ́ọ̀nù olítà mẹ́rin kan kò tó o rárá. Mo ti rí èyí tí wọ́n ń da lítà mẹ́rin sí fún ọdún méjì gbáko.

Tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ lọ láàárọ̀ kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, wọ́n ti ṣáná sí i kí ẹ tó dé, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí ẹ bá ṣáná sí ẹ́ńjìnnì tútù, ẹ fetí sí ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Ariwo gbàràgbàrà tó wá tó sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀ máa ń wá láti jíà VVT-i tó ń darí kamṣáàfù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ kì í dúró nítorí rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni títún un ṣe, ẹ lè fi dúnàádúrà kí owó ọkọ̀ lè wálẹ̀.

Tíṣà_Ìlọrin
Ẹ má bínú o, ṣé V6 ni ẹbí nílò lásìkò yìí? Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ta ló lè bọ́ V6? Ẹ wá Highlander 2005 oní-pulọ́ọ̀gì mẹ́rin, 2.4. Ẹ ó rí i ní owó tó dín dáadáa sí ₦9.5 mílíọ̀nù, epo rẹ̀ kéré, gbogbo mekáníìkì ló mọ ẹ́ńjìnnì yẹn torí òun náà ló wà nínú Camry.

Sípánà_13
Ọ̀gá Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ jẹ́ ká wò ó papọ̀. 2.4 yẹn, 2AZ-FE, ní àìsàn kan tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Bọ́ọ̀tì tó di tọ́ọ̀pù mọ́ búlọ́ọ̀kù máa ń yọ nínú ihò rẹ̀ lápá ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, nítorí alumíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù, okùn ihò náà kò sì gùn tó. Omi á máa jò lẹ́yìn níbi tí ojú kò tó, ọkọ̀ á máa gbóná. Toyota mú okùn ihò yẹn gùn sí i nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ti 2005 kò sí lára wọn. Àtúnṣe tó dájú ni kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù, kí wọ́n lu ihò yẹn, kí wọ́n fi okùn irin tuntun sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ni, ó sì ń padà wá. Tí ẹ bá rí 2005 tí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbẹ, tí kò gbóná rí, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn yẹn.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Houston
Ẹ kú ilé o. Kí n dá sí ọ̀rọ̀ epo yẹn. Ìdíwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà fún 2009 tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ni 20 máìlì sí gálọ́ọ̀nù kan fún V6, àti 22 fún oní-pulọ́ọ̀gì mẹ́rin 2.7 tó jáde lọ́dún kan náà. Bí a bá ṣírò rẹ̀, 100 kìlómítà á gba nǹkan bíi lítà 11.8 lọ́wọ́ V6, 10.7 lọ́wọ́ 2.7. Tí lítà kan bá jẹ́ ₦900, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju ₦1,000 lọ ní 100 kìlómítà. Gosíló á sọ ti àwọn méjèèjì di púpọ̀ o, àmọ́ V6 tó bá pé kì í jẹ epo tó bí wọ́n ṣe ń pariwo. Èyí tí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́.

Ìyá Ìbejì, ọ̀pọ̀ Highlander tó wà nílé ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ lè fi fóònù yín yẹ̀ wò. Nọ́ńbà VIN ọkọ̀ (kì í ṣe ti páléètì), ẹyọ 17, wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, ó sì tún wà lára férémù ilẹ̀kùn. Ẹ ka ẹyọ kẹwàá rẹ̀. 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Tí wọ́n bá ń pè é ní 2009 tí ẹyọ kẹwàá sì jẹ́ 8, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó fi dín owó kù. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sójú òpó NHTSA, àjọ ààbò ojú ọ̀nà Amẹ́ríkà, nhtsa.gov/recalls, ọ̀fẹ́ ni. Á sọ bí ìpè-padà kan bá wà tí wọn kò tíì ṣe fún ọkọ̀ náà. Highlander 2008 sí 2010 wà lára àwọn tí wọ́n pè padà nítorí kápẹ́ẹ̀tì tó lè há pẹ́dà mọ́lẹ̀.

Èkejì ni ìkún omi. Ní oṣù kẹjọ 2017 tí ìjì Harvey jà níbí, ojú mi rí ọkọ̀ tó rì dé ojú fèrèsé. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló ń bọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń lu ọkọ̀ ní gbànjo, tí wọ́n á nù ún dán, tí wọ́n á sì gbé e sọ́kọ̀ ojú omi. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán pátápátá kí ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ẹrẹ̀ ti gbẹ síbẹ̀. Ẹ wo irin tí ìjókòó ń yí lé. Ìpẹtà tó pọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ara ọkọ̀ mọ́ rekete, àmì búburú ni.

Ẹ̀kẹta: láwọn V6 3.5 ayé ìgbà yẹn, páìpù kékeré kan ń gbé ọ́ìlì lọ sí VVT-i, àárín rẹ̀ sì jẹ́ rọ́bà. Rọ́bà yẹn lè bẹ́ lójijì, kí ọ́ìlì tú dànù láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Toyota ṣe ètò láti pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn níbí, wọ́n sì ṣe èyí tó jẹ́ irin látòkèdélẹ̀. Ẹ sọ fún mekáníìkì yín kó wò ó lápá ibi tí bẹ́líìtì wà. Tó bá rí rọ́bà dúdú láàárín irin méjì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rin ọ̀nà jíjìn.

Sípánà_13
Kí Ọlọ́run bù kún yín fún ti páìpù yẹn. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì tó kú lójú ọ̀nà Ṣàgámù nítorí rẹ̀. Awakọ̀ rí iná ọ́ìlì, ó ní òun á dé ilé epo tó wà níwájú. Kò dé ibẹ̀. Bí iná pupa oníkẹ́tùlù yẹn bá tàn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbi tí ẹ bá wà, bó tiẹ̀ jẹ́ inú igbó ni.

Ríwáyà_Òṣogbo
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrònú. Iná ni iṣẹ́ tèmi. Ohun tó ń kó owó àwọn oní-Highlander lọ lọ́wọ́ àwa ríwáyà ni iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn nínú ọkọ̀ yìí, iná VSC (ti ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀) náà máa ń tàn pẹ̀lú rẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, iná 4WD á dara pọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé nǹkan mẹ́ta ló bàjẹ́. Mo mọ ẹni tí wọ́n ta pọ́ǹpù bírékì ABS fún ní ₦220,000. Nígbà tí ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi, kóòdù (nọ́ńbà àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń kọ sílẹ̀) ti òórùn epo ló wà nínú rẹ̀, ìdérí táńkì kò mú mọ́. Ìdérí la pààrọ̀, a pa kóòdù rẹ́, iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, ẹ san ₦10,000 fún sikáànì kí ẹ tó san owó ọkọ̀. Ẹ béèrè pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà kóòdù sílẹ̀ fún yín, ẹ má gba "sẹ́ńsọ̀ ni" lásán. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ sikáànì tó dára á fi hàn pé ọkọ̀ kò tíì parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Ìyẹn náà yẹ kó dẹ́rù bà yín.

Ẹ fi mítà wo bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5 fóòtì. Bó bá wà ní 12.4, ọ́ítánétọ̀ ti rẹ̀ ẹ́. Ní ti éèsì, bí ti iwájú bá tutù tí ti ẹ̀yìn kò tutù, ẹ má kàn da gáàsì sí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ibi tó ti ń jò, torí páìpù tó ń lọ sẹ́yìn gùn, gáàsì tí ẹ dà lónìí á sì ti lọ kí oṣù tó parí.

ÌyáÌbejì_Akóbọ̀
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹni tó tíì sọ̀rọ̀ jíà. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí jù, torí wọ́n ní owó rẹ̀ ń le.

Awakọ̀_Ìkòròdú
Ẹ má fọwọ́ kan ọ́ìlì jíà tí wọn ò bá ti ń pààrọ̀ rẹ̀ látilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fọ tirẹ̀ pátá pẹ̀lú ẹ̀rọ, lọ́sẹ̀ kejì jíà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ilé iṣẹ́ fúnra wọn ní ọ́ìlì WS, irú ọ́ìlì tí jíà yìí ń lò, kì í ní ọjọ́ pípààrọ̀ nínú ìlò wọ́ọ́rọ́wọ́.

Sípánà_13
Ẹ̀gbọ́n, a ò ní fẹnu kò lórí èyí. Ìlò wa kì í ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́: gosíló, ooru, ẹrù lẹ́yìn. Ọ́ìlì tó ti dúdú kò lè gba jíà là. Ọ̀nà tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ ni mo bá yín gbà pé kò dára. Ẹ̀rọ tó ń fọ gbogbo inú jíà lẹ́ẹ̀kan náà lè gbé ìdọ̀tí tó ti jókòó lọ dí ihò kékeré inú fáàfù. Èmi máa ń ṣí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ohun tó bá jáde, nǹkan bíi lítà mẹ́ta àtààbọ̀, ni mo ń dá padà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀, mo tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni tuntun á borí ògbólógbòó. WS nìkan ni kí ẹ lò. T-IV tí àwọn ti 2007 sẹ́yìn ń lò kò bá a mu.

Kí ẹ tó rà á, ẹ kán ọ́ìlì jíà sórí tíṣù funfun. Ó yẹ kó pupa. Bó bá dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, tí ọkọ̀ sì ń ta yín síwájú nígbà tó ń pààrọ̀ jíà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Jíà Belgium ti V6 yìí wà ní nǹkan bíi ₦750,000, iṣẹ́ ₦80,000, Belgium sì rèé, ẹni tó lò ó ṣáájú nìkan ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Ọlọ́jà_Ládípọ̀
Mo ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, mo sì fẹ́ sọ òótọ́ fún ìyá yìí. Àwọn ohun kan wà tí Belgium dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ: ọ̀pá sítíárìn, ọ́ítánétọ̀, kọ́ìlì pulọ́ọ̀gì, kọ́mpúrẹ́sọ̀ éèsì. Ojúlówó tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ni wọ́n. Ohun tí ń gbó ni kí ẹ rà ní tuntun: wọ́tà pọ́ǹpù, tẹ́mósítáàtì, bírékì, bùṣíìnì, ṣọ́ọ̀kì. Belgium ṣọ́ọ̀kì kò lọ́jọ́ lórí. Pulọ́ọ̀gì ni ayédèrú pọ̀ sí jù. Ẹ ra mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dọ̀ ẹni tó máa fún yín ní rìsíìtì, torí mẹ́ta ẹ̀yìn wà lábẹ́ mánífólù, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, ẹ ò sì ní fẹ́ san owó iṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn kò nílò àtiwá sí Èkó, Gate ní gbogbo rẹ̀.

ÌyáÌbejì_Akóbọ̀
A ti lọ wò ó. A mú mekáníìkì kan àti ríwáyà kan dání, láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì tutù. Nọ́ńbà kẹwàá jẹ́ 9. Kò sí ẹrẹ̀ nídìí bẹ́líìtì, ọ́ìlì jíà pupa, kò ta wá síwájú. Ariwo òwúrọ̀ yẹn kò sí. Páìpù VVT-i rẹ̀ jẹ́ irin tán.

Èyí tí kò dára: èérún pupa wà lára wọ́tà pọ́ǹpù bí Sípánà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bùṣíìnì iwájú méjèèjì ti ya. Fáànù ń yí ní gbogbo ìgbà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣáná. Sikáànì gbé P0128 àti P0420 jáde. Ẹni tó ni ín ní kátálísítì ni, pé òun mọ ẹni tó máa yọ ọ́ kúrò lọ́fẹ̀ẹ́, iná á sì kú.

Sípánà_13
Ẹ má gbà o! Ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ "lọ́fẹ̀ẹ́" fẹ́ lọ tà á ni. Plátínọ̀mù, paládíọ̀mù àti ródíọ̀mù wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń rà á ń káàkiri ṣọ́ọ̀bù wa lójoojúmọ́. Èéfín á sì máa wọlé bá ọmọ yín tó jókòó lẹ́yìn.

P0128 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná dé ibi tó yẹ. Pẹ̀lú fáànù tó ń yí bẹ́ẹ̀, ó dá mi lójú pé wọ́n ti yọ tẹ́mósítáàtì. Epo tó ń pọ̀ jù nítorí ìyẹn lè wà lára ohun tó fa P0420, kóòdù ti kátálísítì. Ẹ tún ti omi ṣe ná, ẹ wò ó bóyá ẹ̀sọ́ọ̀sì ń jò níbìkan, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí P0420 kò bá padà wá, kátálísítì yín wà láàyè.

Ẹ ṣírò owó fún un níwájú rẹ̀: pọ́ǹpù, tẹ́mósítáàtì, kúláǹtì, àtúntò wáyà fáànù, bùṣíìnì, iṣẹ́. Ó ń lọ sí ₦300,000, a ò tíì fọwọ́ kan kátálísítì. Ó yẹ kí mílíọ̀nù kan ó kéré tán kù lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó. Tí kò bá sọ̀ kalẹ̀ dé ₦9 mílíọ̀nù, ẹ máa wá òmíràn.

ÌyáÌbejì_Akóbọ̀
Ó gba ₦8.75 mílíọ̀nù! Bàbá wọn fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bùṣíìnì torí ariwo ẹsẹ̀ náà ń bí i nínú. Ìparí oṣù la fẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde.

Sípánà_13
Ẹ kú oríire! Ẹ bá mi bẹ bàbá, omi ló ṣáájú. Pọ́ǹpù àti tẹ́mósítáàtì lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n fọ rédíétọ̀ títí omi mímọ́ á fi jáde, kúláǹtì pupa tó ti po láti ilé iṣẹ́, kí ẹ má fi omi kún un. Wọ́n gbọ́dọ̀ lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí fáànù á fi tan fúnra rẹ̀, tó tún pa fúnra rẹ̀, lójú yín. Ọ̀la rẹ̀, ọ́ìlì àti fílítà. Ẹ wà á káàkiri Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa wo ìwọ̀n kúláǹtì nínú ike rẹ̀ láràárọ̀ kí ẹ tó ṣáná. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ mú un wá fún bùṣíìnì àti àláímẹ́ǹtì. Pulọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì jíà lè dúró di oṣù tó ń bọ̀.

Ríwáyà_Òṣogbo
Ní ti fáànù, kí ẹni tó máa tú wáyà dáírẹ́ẹ̀tì yẹn kọ́kọ́ wo fíúsì àti réléè rẹ̀, torí ọ̀kan nínú wọn ló sábà máa ń jẹ́ kí wọ́n so ó bẹ́ẹ̀. Réléè kò ju ₦8,000 lọ. Bí èyí tí wọ́n bá níbẹ̀ bá ti jóná, kó má lo ti ọkọ̀ mìíràn tó kàn jọ ọ́. Kó ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, kó ra irú rẹ̀ gan-an.

Awakọ̀_Ìkòròdú
Ìyá wa, ìjókòó ìlà kẹta ní bẹ́líìtì tirẹ̀, ó sábà máa ń há sábẹ́ kúṣìn. Ẹ fà á jáde kí ẹ tó gbéra.